Kí Ẹ Tó Kọ Fọ́ọ̀mù Ilé-Ìwé CRNA

Ọ̀pọ̀ nínú àwọn nọ́ọ̀sì wa tó wà ní Houston, Baltimore àti Chicago ló ti mọ iye tí CRNA, ìyẹn nọ́ọ̀sì akunnilóorun, ń gbà kí wọ́n tó mọ iṣẹ́ tó fi ń gbà á. N kò bá wọn wí. Ìṣirò ìjọba Amẹ́ríkà fún oṣù karùn-ún ọdún 2023 fi hàn pé ìdajì àwọn nọ́ọ̀sì akunnilóorun ilẹ̀ náà ló ń gbà ju $212,000 lọ lọ́dún. Owó ńlá ni lójú ẹnikẹ́ni. Àmọ́ ohun tó ń dá àwọn ènìyàn wa padà lẹ́nu ọ̀nà ilé-ìwé yìí kì í sábà jẹ́ àìmọ̀wé. Wọn kì í tètè bẹ̀rẹ̀ ni. Ilé-ìwé fúnra rẹ̀ gba oṣù 36, ìmúra tó ṣáájú rẹ̀ sì lè gbà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí orí yìí fi máa pẹ́ lórí ìwé, wọ́ọ̀dù àti owó, tí kò sì ní pẹ́ lórí fọ́ọ̀mù.

Iṣẹ́ tí ẹ fẹ́ wọ̀

CRNA ni nọ́ọ̀sì tó kàwé gboyè lórí ìkunlóorun, tó sì yege ìdánwò àjọ NBCRNA. Kí dókítà tó fi abẹ kan aláìsàn, òun ni yóò bi í léèrè ohun tó jẹ àti oògùn tó ń lò. Òun ni yóò fún un ní oògùn tí yóò fi sùn, tí yóò ti rọ́bà sí ọ̀nà èémí rẹ̀, tí yóò máa ṣọ́ ọkàn, ìfúnpá àti èémí rẹ̀ títí iṣẹ́ abẹ yóò fi parí, tí yóò sì jí i. Aláboyún tó ń rọbí tó ní òun fẹ́ abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn, ọwọ́ rẹ̀ náà ló bọ́ sí. Ọ̀pọ̀ ilé-ìwòsàn wà ní ìgbèríko Amẹ́ríkà tí kò ní dókítà akunnilóorun kankan. CRNA nìkan ni wọ́n ní.

Àwọn kan nílé ṣì ń sọ pé iṣẹ́ dókítà ni nọ́ọ̀sì lọ gbà ṣe. Ìtàn kò gbè wọ́n. Láti 1877 ni Sister Mary Bernard ti ń kun ènìyàn lóorun ní ilé-ìwòsàn St. Vincent ní Erie, Pennsylvania. Ní 1906, Alice Magaw tó ń bá àwọn dókítà Mayo ṣiṣẹ́ ní Rochester, Minnesota, tẹ àkọsílẹ̀ jáde lórí aláìsàn tó lé ní 14,000 tí ó ti kùn lóorun, tí oògùn náà kò sì pa ẹyọ ẹnì kan nínú wọn. Agatha Hodgins ló dá ẹgbẹ́ àwọn nọ́ọ̀sì akunnilóorun Amẹ́ríkà, tó di AANA lónìí, sílẹ̀ ní 1931. Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání jù ni Goldie Brangman. Nígbà tí wọ́n gún Martin Luther King láyà ní Harlem ní 1958, tí wọ́n gbé e dìgbàdìgbà dé Harlem Hospital, obìnrin aláwọ̀ dúdú yìí wà lára àwọn tó kùn ún lóorun, òun ló ń fi ọwọ́ tẹ àpò afẹ́fẹ́ tí King fi ń mí. Ní 1973 ó di aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ tó jẹ ààrẹ AANA. Bí wọ́n bá bi yín lọ́jọ́ ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò pé kí lẹ rí nínú iṣẹ́ yìí, ẹ ti ní ibi tí ẹ lè ti bẹ̀rẹ̀ yàtọ̀ sí owó oṣù.

Tẹ́lẹ̀, másítà ti tó. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kìíní ọdún 2022, COA, ìyẹn àjọ tó ń fọwọ́ sí àwọn ilé-ìwé náà, kò gbà kí ilé-ìwé kankan mú akẹ́kọ̀ọ́ tuntun àfi sínú ètò oyè ọ̀mọ̀wé. Oyè náà lè jẹ́ DNP tàbí DNAP. Ẹ má ṣe ara yín léṣe lórí lẹ́tà wọ̀nyẹn: ìdánwò kan náà ni, iṣẹ́ kan náà ni.

Ìwé tí ẹ kó láti ilé

Ẹni tó jáde ní School of Nursing nílé, tó ní RN, bóyá pẹ̀lú RM, ṣùgbọ́n tí kò ní dígírì, ibẹ̀ ni kó ti bẹ̀rẹ̀, nítorí pé kò sí ilé-ìwé CRNA tó máa gba ẹni tí kò ní dígírì àkọ́kọ́. Ẹ lè ṣe é kí ẹ tó kúrò ní Nàìjíríà. NOUN ní ètò fún àwọn tó ti jẹ́ RN, LAUTECH náà ní ti ẹ̀kọ́ àtòkèèrèkọ́. Ẹ sì lè ṣe é ní Amẹ́ríkà, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní RN-to-BSN, tí púpọ̀ rẹ̀ wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Bó bá jẹ́ èmi, Amẹ́ríkà ni n bá ti ṣe é, torí pé máàkì ibẹ̀ kò nílò ẹni tó máa yí i padà. Second class nílé lè di GPA tí kò tó 3.0 lọ́wọ́ àwọn tó ń ṣe àyípadà, ọ̀pọ̀ ilé-ìwé CRNA kì í sì ka fọ́ọ̀mù ẹni tí tirẹ̀ kò tó 3.0 dé ìsàlẹ̀. Bí ó bá ti rí bẹ́ẹ̀, ẹ lọ tún kẹ́mísìrì, físíìsì tàbí physiology kọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àdúgbò yín. A tí ẹ gbà nínú kẹ́mísìrì lọ́dún tó kọjá níyì lójú wọn ju C tí ẹ gbà nígbà tí ẹ wà lọ́mọ ogún ọdún.

Ẹ má fi ọ̀rọ̀ transcript ṣeré. Ilé-ìwé yín ló gbọ́dọ̀ fi í ránṣẹ́ tààrà sí àwọn tó ń yẹ ìwé wò, bíi WES tàbí CGFNS tó ti yí orúkọ padà sí TruMerit, ẹ sì mọ bí registry wa ṣe rí. Ẹ ní ẹnì kan nílé tó máa lè lọ jókòó tì wọ́n. Fún ẹni tí kò tíì kúrò nílé, kó rántí pé láti 2024 ni Nursing and Midwifery Council ti ní àwọn kò ní bá nọ́ọ̀sì jẹ́rìí ránṣẹ́ sí òkè òkun bí kò bá tíì ṣiṣẹ́ fún ọdún méjì lẹ́yìn tó gboyè. Ọdún méjì yẹn, ẹ kà á mọ́ ètò yín.

Ọ̀rọ̀ kan wà tó máa dun àwọn kan. A ní àwọn nọ́ọ̀sì akunnilóorun ní Nàìjíríà, tí wọ́n kọ́ṣẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ post-basic, tí Council forúkọ wọn sílẹ̀, tí wọ́n sì ti dá kun aláìsàn lóorun lóru tí kò sí iná. Ìwé ẹ̀rí yẹn kò lè sọ yín di CRNA ní Amẹ́ríkà. NBCRNA kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó ṣe ìdánwò àfi ẹni tó jáde ní ilé-ìwé tí COA fọwọ́ sí. Ìmọ̀ yín kò ṣòfò. Ọwọ́ tó ti mọ ọ̀nà èémí kì í gbàgbé rẹ̀, ẹ sì máa rí i lójú àwọn ẹlẹgbẹ́ yín lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ní tíátà. Ṣùgbọ́n ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni gbogbo yín jọ máa bẹ̀rẹ̀.

Wọ́ọ̀dù

COA ní kí nọ́ọ̀sì ti ṣiṣẹ́ fún ó kéré tán ọdún kan gbáko ní wọ́ọ̀dù àwọn tí àìsàn wọn le gan-an, èyí tí gbogbo ènìyàn ń pè ní ICU. Wọ́n sì sọ ibi tí ó gbọ́dọ̀ jẹ́: ilẹ̀ Amẹ́ríkà, àwọn àgbègbè tó wà lábẹ́ rẹ̀, tàbí ilé-ìwòsàn ológun Amẹ́ríkà ní òkè òkun. Bí ẹ bá ti lo ọdún mẹ́wàá ní ICU ní UCH tàbí LUTH, wọn kò ní kà á mọ́ ọdún yẹn. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í mọ̀ títí wọn yóò fi fi owó fọ́ọ̀mù ṣòfò.

Ọdún kan ni òfin wí. Ohun tí ìgbìmọ̀ tó ń yan akẹ́kọ̀ọ́ ń wá yàtọ̀: ọdún méjì tàbí mẹ́ta, ní ICU tó kún fún àwọn tí wọ́n so mọ́ ẹ̀rọ tó ń bá wọn mí, tí oògùn mẹ́ta mẹ́rin ń kán sínú iṣan wọn láti gbé ìfúnpá sókè, tí wáyà wà nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ wọn tó ń sọ bí ọkàn ṣe ń ṣiṣẹ́ láàárín ìṣẹ́jú kan sí èkejì. ICU àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ ọkàn fún ló wù mí jù. ICU iṣẹ́ abẹ àti ti àrùn inú ara dára. Ti ọmọdé náà dára, bí ẹ bá mọ ìdí tí ẹ fi yàn án. Wọ́ọ̀dù pàjáwìrì àti tíátà fúnra rẹ̀ kì í sábà tó, bó ti wù kí ẹ ti pẹ́ níbẹ̀ tó.

Ìdí rẹ̀ kò ṣòro. Ní ICU, ẹ ó fún aláìsàn ní oògùn, ẹ ó sì rí ohun tí oògùn náà ṣe kí ẹ tó yíjú. Ẹ ó kọ́ láti máa bi ara yín pé: kí ló dé tí ìfúnpá rẹ̀ fi já wálẹ̀? Ṣé omi ló dín nínú ara ni, àbí ọkàn ló rẹ̀ ẹ́, àbí iṣan ẹ̀jẹ̀ ló dẹ̀? Ọ̀kọ̀ọ̀kan ní oògùn tirẹ̀, oògùn ọ̀kan sì lè pa èkejì. Ìbéèrè yìí gan-an ni CRNA ń dáhùn látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọ̀pọ̀ ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá. Ilé-ìwé kò ní àyè láti kọ́ yín ní ìpìlẹ̀ rẹ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ wa máa ń bọ́ sí nígbà tí a bá dé ni ilé àwọn arúgbó, wọ́ọ̀dù gbogbogbò, tàbí iṣẹ́ ejẹ́ǹsì. Owó ọ̀fatáìmù máa ń wọlé dáadáa níbẹ̀, ó sì ṣòro láti fi í sílẹ̀ lọ bẹ̀rẹ̀ bí ọmọ tuntun ní ICU, lóru, lábẹ́ ẹni tí ẹ lè bí. Ẹni tó bá fẹ́ CRNA gbọ́dọ̀ lọ. Bí ẹ bá ti débẹ̀, ẹ gba àwọn aláìsàn tó le jù, ẹ má sá fún wọn. Ẹ ṣe ìwé ẹ̀rí CCRN, èyí tó ń béèrè wákàtí 1,750 lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn irú àwọn aláìsàn bẹ́ẹ̀ láàárín ọdún méjì. Ẹ ní kí CRNA kan jẹ́ kí ẹ tẹ̀ lé òun fún ọjọ́ kan ní tíátà. Lẹ́tà ìjẹ́rìí tó dára jù máa ń wá láti ọ̀dọ̀ ọ̀gá ICU tó ti rí yín lóru tí nǹkan dàrú. Ti pásítọ̀ yín kò ní ràn yín lọ́wọ́ níbí.

Owó

Fún ọdún mẹ́ta, ẹ kò ní lè ṣiṣẹ́. Àwọn ilé-ìwé kan kà á léèwọ̀ pátápátá. Àwọn tí kò kà á léèwọ̀ náà mọ̀ pé ẹ kò ní rí àyè. Owó ilé-ìwé ní ọ̀pọ̀ ibi ju $100,000 lọ, kí a tó wá sọ ilé, oúnjẹ àti ọmọ.

Tẹ́lẹ̀, akẹ́kọ̀ọ́ lè yá gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀ nípasẹ̀ Grad PLUS. Òfin tí wọ́n buwọ́ lù ní oṣù keje ọdún 2025 fòpin sí i fún àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ yáwó láti ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 2026. Ààlà tó wà báyìí ni $20,500 lọ́dún àti $100,000 lápapọ̀ fún ẹ̀kọ́ lẹ́yìn dígírì, tàbí $50,000 lọ́dún àti $200,000 lápapọ̀ fún àwọn ẹ̀kọ́ tí wọ́n kà sí ti akọ́ṣẹ́mọṣẹ́. Kí ẹ tó san kọ́bọ̀, ẹ bèèrè ní ọ́fíìsì ẹ̀yáwó ilé-ìwé náà nínú èwo ni wọ́n ka ètò wọn sí. Ìyàtọ̀ rẹ̀ lè jẹ́ owó ilé. Àwọn tí kò ní green card tàbí ìwé ọmọ onílùú kì í sábà rí ẹ̀yáwó ìjọba gbà rárá. Ẹ̀yin tí ẹ wà lórí físà, ẹ jẹ́ kí ìwé yín tò ná.

Ohun tí ìwé àwọn òyìnbó kì í sọ ni owó tí à ń fi ránṣẹ́ sílé. Ẹ jókòó pẹ̀lú ọkọ tàbí ìyàwó yín, ẹ sì pe ilé lórí fóònù ní ọdún kan kí ẹ tó wọlé. Ẹ sọ fún Mọ́mì àti Dádì pé láti oṣù báyìí dé oṣù báyìí, báyìí ni owó máa rí. Ilé tí ẹ ń kọ́ ní Ìkòròdú, ẹ jẹ́ kó dúró ní fáńdéṣọ̀n. Owó ọmọ ẹ̀gbọ́n yín tó wà ní yunifásítì, ẹ wá ẹni tó máa gbà á dìmú. Ó nira láti sọ, àwọn ẹbí kan á sì ní Amẹ́ríkà ti yí yín lórí. Síbẹ̀ ó sàn kí wọ́n bínú sí yín lọ́dún kan ṣáájú ju kí ẹ jáde nílé-ìwé láàárín ọ̀nà lọ, kí gbèsè sì kù lọ́rùn. Ẹ san gbèsè mọ́tò tán. Bí ẹ bá wà nínú àjọ, ẹ ṣe é kí ó yípo kàn yín kí ẹ tó wọlé.

Ọ̀nà kan tún wà fún ọmọ onílùú Amẹ́ríkà tí ara rẹ̀ bá le: ológun. Àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ ní ilé-ìwé tiwọn, USAGPAN, ní Fort Sam Houston ní San Antonio. Wọ́n ń sanwó oṣù fún akẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, òun náà yóò sì fi ọdún iṣẹ́ san án padà.

Yíyan ilé-ìwé

COA ti pa á láṣẹ pé kí ilé-ìwé kọ̀ọ̀kan gbé nǹkan mẹ́ta síta fún gbogbo ènìyàn: mélòó ló já kúrò, mélòó ló yege ìdánwò ní ìgbà àkọ́kọ́, mélòó ló ríṣẹ́. Ẹ kà á kí ẹ tó wo bí ọgbà wọn ṣe lẹ́wà. Èmi máa ń wo ti àwọn tó já kúrò kọ́kọ́. Ilé-ìwé tí gbogbo àwọn tó jáde níbẹ̀ yege, ṣùgbọ́n tí ìdá kan nínú márùn-ún já kúrò lójú ọ̀nà, ẹ bi wọ́n ohun tó lé wọn.

Àwọn ìlú tí àwa Yorùbá pọ̀ sí kò jìnnà sí ilé-ìwé. Baylor College of Medicine àti UTHealth wà ní Houston, Texas Wesleyan àti TCU wà ní Fort Worth, Rush wà ní Chicago, yunifásítì Maryland wà ní Baltimore. Ẹ bèèrè bóyá wọ́n máa ń rán akẹ́kọ̀ọ́ lọ ṣiṣẹ́ ní ìlú mìíràn fún oṣù bíi mélòó kan, torí pé ẹni tó ní ọmọ kékeré gbọ́dọ̀ mọ̀ ọ́n ṣáájú.

Níbi ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò, wọ́n á bi yín nípa aláìsàn tí ẹ tọ́jú, wọ́n á sì máa tú u lọ sísàlẹ̀ títí ẹ kò fi ní mọ ìdáhùn mọ́. Ibẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀ ọ́n, kí ẹ sì sọ ibi tí ẹ máa ti wá a.

Nínú ilé-ìwé

Ọdún àkọ́kọ́ jẹ́ ti ìwé: bí gáàsì ṣe ń rìn, bí ẹ̀rọ ìkunlóorun ṣe ń ṣiṣẹ́ àti bí ẹ ṣe máa yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, ohun tí propofol, rocuronium àti sevoflurane ń ṣe nínú ara, àti ìdí tí dantrolene fi gbọ́dọ̀ wà nítòsí bí ara aláìsàn bá ṣàdédé gbóná bí iná lábẹ́ oògùn. Lẹ́yìn náà, tíátà. Kí ẹ tó gboyè, ẹ gbọ́dọ̀ ti lo wákàtí 2,000 lẹ́nu iṣẹ́, kí ẹ sì ti kun aláìsàn tí kò dín ní 600 lóorun. Wọ́n pín iye yẹn: títi rọ́bà sí ọ̀nà èémí ó kéré tán ìgbà 250, ọmọ tí kò tó ọdún méjì, mẹ́wàá, iṣẹ́ abẹ ìbímọ, mẹ́wàá. Wákàtí tí wọ́n lè fi iṣẹ́ àti ìwé gbà lọ́wọ́ yín kò gbọ́dọ̀ ju 64 lọ lọ́sẹ̀. Ẹni tó ti ṣe iṣẹ́ méjì pọ̀ rí á ní kò le tó bẹ́ẹ̀. Ẹ dúró ná títí ẹ ó fi jí ní aago mẹ́rin ìdájí fún oṣù mẹ́fà.

Àwọn nǹkan kan wà tí ọmọ Yorùbá máa ń mọ̀ ju ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ lọ. Òfin ni pé kí aláìsàn ti gbààwẹ̀ fún wákàtí mẹ́jọ lẹ́yìn oúnjẹ ọlọ́ràá, mẹ́fà lẹ́yìn oúnjẹ fúyẹ́, méjì lẹ́yìn omi gaara, kí oúnjẹ má baà gòkè láti inú kó sì wọ ẹ̀dọ̀fóró. Màmá wa tó wá ṣiṣẹ́ abẹ á ní òun kò jẹ nǹkan kan. Ẹ tún un bi: “Màmá, ṣé ẹ mu nǹkan?” Ó lè ní ẹ̀kọ gbígbóná díẹ̀ ni òun fi panu, àti àgbo. Ẹlẹgbẹ́ yín kò ní bi í. Bẹ́ẹ̀ náà ni ẹni tó jẹ́ SS: ẹ ti rí wọn láti kékeré, ẹ mọ̀ pé òtútù, òùngbẹ àti àìtó afẹ́fẹ́ ló ń dá wọn gúnlẹ̀. Tíátà tutù, aláìsàn kò mu omi láti òru, oògùn sì ń dín èémí kù. Ẹ̀yin ni yóò kọ́kọ́ béèrè aṣọ gbígbóná fún un.

Ibi kan sì wà tí ẹ̀kọ́ ilé wa ń fa ènìyàn sẹ́yìn. Wọ́n tọ́ wa pé a kì í já àgbà ní koro, dókítà tó ń ṣiṣẹ́ abẹ sì máa ń jẹ́ àgbà nínú yàrá náà. Ọjọ́ ń bọ̀ tí ìfúnpá aláìsàn máa já, tí ẹ ó sì ní láti sọ sókè pé kí ó dúró. Àwọn olùkọ́ ń wò ó bóyá ẹ ó sọ ọ́. Mo mọ̀ pé “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má bínú” ló máa kọ́kọ́ wá sí yín lẹ́nu. Ẹ ṣe ìdánrawò “Dúró, ìfúnpá ti já sí àádọ́ta” nínú yàrá àfarawé tíátà níbi tí dọ́lì wà lórí tábìlì, títí tí kò fi ní ṣòro sọ mọ́.

Ìdánwò, àti àwọn tó wà ní London

Lẹ́yìn oyè ni NCE, ìdánwò orí kọ̀ǹpútà tó gba wákàtí mẹ́ta. Ìbéèrè rẹ̀ kò dín ní 100, kò sì ju 170 lọ. Bí ẹ bá ṣe ń dáhùn ni ẹ̀rọ ṣe ń yan èyí tó kàn. Ilé-ìwé á ti ní kí ẹ ṣe SEE, tó jọ ọ́, kí ẹ tó débẹ̀. Ẹ má fojú tẹ́ńbẹ́lú rẹ̀. Lẹ́yìn náà, ìpínlẹ̀ tí ẹ fẹ́ ti ṣiṣẹ́ ló máa fún yín láṣẹ, òfin wọn kò sì dọ́gba: àwọn kan, bíi Iowa tó kọ́kọ́ ṣe é ní 2001, ti yọ ara wọn kúrò lábẹ́ òfin Medicare tó ní kí dókítà máa bójú tó CRNA, àwọn mìíràn kò ṣe bẹ́ẹ̀. Ìwé ẹ̀rí yín máa ń gba àtúnṣe ní ọdún mẹ́rin mẹ́rin.

Àwọn tó ń kọ̀wé sí mi láti London àti Manchester ń béèrè bóyá irú rẹ̀ wà lọ́dọ̀ wọn. Kò sí CRNA ní Bìrìtìkó. Ohun tó sún mọ́ ọn ni anaesthesia associate, tí GMC, àjọ tó ń forúkọ àwọn dókítà ibẹ̀ sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí forúkọ wọn sílẹ̀ ní oṣù kejìlá ọdún 2024, tí ìwádìí Leng tí ìjọba ibẹ̀ ní kí wọ́n ṣe sì dábàá ní 2025 pé kí wọ́n yí orúkọ rẹ̀ padà sí physician assistant in anaesthesia. Abẹ́ dókítà ni wọ́n ń ṣiṣẹ́, ìwé rẹ̀ kò sì ṣí ilẹ̀kùn Amẹ́ríkà. Nọ́ọ̀sì tó wà ní NHS tó fẹ́ jẹ́ CRNA, NCLEX, ìdánwò tó ń sọ nọ́ọ̀sì di RN ní Amẹ́ríkà, ni yóò fi bẹ̀rẹ̀, lẹ́yìn náà ICU ní Amẹ́ríkà fún ó kéré tán ọdún kan, kó tó wá kọ fọ́ọ̀mù.